Fáìlì Àlàní Ará Èkó

Adépéjú Ògúnbíyìí ti lo ọdún mẹ́ta ní ìlú Hamburg kí ìyá àgbà rẹ̀ tó sọ fún un pé ẹnì kan nínú ẹbí wọn ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Orí fóònù ni ọ̀rọ̀ náà ti wáyé, lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù kìíní ọdún 2018. Nọ́ọ̀sì ni Adépéjú, ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì. Wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn oníwárápá àtàwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìwòsàn kan nínú ìlú. Yàrá kan ṣoṣo ló ń gbé ní Wilhelmsburg, ní àjà kẹfà, tó bá sì dúró lójú fèrèsé, á máa wo àwọn ẹ̀rọ gàgàrà tó ń gbé àpótí ẹrù sókè sódò ní èbúté. Iṣẹ́ kò ni í lára. Ilé ló ń ni í lára. Tó bá ti ibi Frühschicht, iṣẹ́ àárọ̀, dé, tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kò tún sí ẹni tí yóò gbọ́ ohùn rẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Ọkùnrin tí wọ́n jọ ṣe àdéhùn ìgbéyàwó ní Èkó dúró dè é fún ọdún kan ààbọ̀. Lọ́jọ́ kan, Adépéjú rí àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn lórí fóònù, bí gbogbo ayé ṣe rí i. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọn á kí i ní "Moin", wọn á ṣiṣẹ́ bí iṣẹ́, kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Àṣàkẹ́ ni orúkọ ìyá àgbà náà, ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni, Ṣómólú ló ń gbé, etí rẹ̀ ṣì dá ṣáká.

"Péjú, ibi tí o wà yẹn, ṣé Hámúbọ̀ọ̀gì ni wọ́n ń pè é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Hamburg."

"Ibẹ̀ ni bàbá tó bí ìyá mi wà."

Adépéjú rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àgbà ń ṣàwàdà. "Ìyá àgbà, bàbá wo nìyẹn?"

"Àlàní."

Adépéjú mọ orúkọ náà. Nílé wọn, tí wọ́n bá rán ọmọdé níṣẹ́ tó pẹ́ kó tó dé, wọn á ní, "Ṣé o ti di Àlàní ni?" Ó ti rò láti kékeré pé àṣà ẹnu lásán ni. Kò mọ̀ pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà wá rò fún un. Ní ọdún 1907, Àlàní jẹ́ adáná nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Jámánì tó ń kó epo àti ẹ̀kùrọ́ láti Èkó. Nígbà tó lọ kẹ́yìn, oyún oṣù mẹ́ta wà nínú Ṣẹ̀fíátù ìyàwó rẹ̀. Ọkọ̀ padà, Àlàní kò padà. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ń daná sọ pé àìsàn ló dá a gúnlẹ̀ sí èbúté ọ̀hún, pé tó bá ti yá, yóò máa bọ̀. Ọdún kan kọjá, ọdún mẹ́ta kọjá. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àìsàn kọ́, obìnrin òyìnbó ni. Ṣẹ̀fíátù bí ọmọbìnrin kan, Làtífátù, ìyẹn ìyá Àṣàkẹ́. Inú ẹ̀sín ni Làtífátù dàgbà sí. Tí òun àti ọmọ aládùúgbò bá jà, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ fi bú u ni bàbá tó rí òyìnbó tó gbàgbé ọmọ. Ó bínú sí bàbá náà títí ó fi wọ kàá ilẹ̀.

"Èmi náà ò ní pẹ́ lọ bá wọn," ni ìyá àgbà wí. "Tí ìyá mi bá bi mí lọ́run pé ibo ni bàbá òun sùn sí, kí ni kí n wí? Ìwọ lo wà níbẹ̀. Bá mi wá a."

Adépéjú kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ tirẹ̀ pọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bá a ná an. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà: sí àwọn tó ń tọ́jú ìwé èbúté, sí ilé ìwòsàn àtijọ́, sí ibi ìsìnkú. Wọ́n ń dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé àwọn kò rí orúkọ náà. Nínú oṣù kẹjọ, lẹ́tà kan dé tó yàtọ̀. Wọ́n rí ìlà kan nínú ìwé ilé ìwòsàn tí wọ́n máa ń gbé àwọn atukọ̀ lọ: Alani, aláwọ̀ dúdú, láti Lagos, adáná. Lábẹ́ àìsàn rẹ̀, wọ́n kọ wárápá. Lábẹ́ ibi tó gbà lọ, wọ́n kọ ilé ìtọ́jú àwọn oníwárápá lẹ́yìn odi Berlin, oṣù karùn-ún ọdún 1909.

Ó ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Lójoojúmọ́ ló ń rí wárápá níbi iṣẹ́, ó ń fún wọn lóògùn, ó ń kọ aago tó gbé wọn àti aago tó dá wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé, ní Ṣómólú, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fẹnu wúyẹ́wúyẹ́ sọ ni. Àwo oníwárápá máa ń yàtọ̀. Ó wá yé e ìdí tí adáná ẹlẹgbẹ́ Àlàní fi sọ fún wọn pé àìsàn ni, tí kò sì dárúkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà rò pé òun ń bo àṣírí ọ̀rẹ́ òun ni.

Archiv kan ní Berlin, níbi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí, fèsì pé fáìlì náà wà lọ́dọ̀ àwọn, pé ojú ìwé igba ó lé méjìlá ni, pé kó wá wò ó fúnra rẹ̀. Ó gba ọjọ́ kan nínú ìsinmi rẹ̀, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹwàá, ó wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀. Wákàtí méjì ni. Ẹni tó jókòó tì í fi nǹkan dí etí láti Hamburg títí wọ́n fi dé.

Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Emilia ló gbé fáìlì náà jáde fún un. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, àwọ̀ rẹ̀ pupa, ó di irun rẹ̀ ní kíkó. Èdè Jámánì ló ń sọ. Ó ní ọmọ Nàìjíríà ni bàbá òun, Ọláìtán ni wọ́n ń jẹ́, àmọ́ òun kò gbọ́ èdè wọn. Ojú tì í díẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Adépéjú ṣí fáìlì náà, ọkàn rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ ni, bí ìgbà tí adìyẹ bá fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Kò lè ka ẹyọ kan níbẹ̀.

"Èmi lè kà á," ni Emilia wí. "Iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ sí yàrá ẹ̀gbẹ́, kí a má baà dí àwọn tó kù lọ́wọ́."

Ó kọ́kọ́ ka lẹ́tà dókítà kan, tó kọ̀wé sí Hamburg pé kí wọ́n fi ọkùnrin dúdú náà ránṣẹ́ sí òun nítorí òun kò tíì rí wárápá lára irú wọn rí. Ìyẹn ni wọ́n ṣe gbé e lọ sí Berlin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wárápá bá gbé e, olùtọ́jú á kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, á sì fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé.

"Aago mẹ́fà àárọ̀," ni Emilia kà. "Aláìsàn ṣubú níwájú olùtọ́jú Hübner. Ó nà gbalaja, ó dojú bolẹ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ké igbe kan. Ó dìde fúnra rẹ̀." Ó ṣí ìwé. "Ọjọ́ kejì, aago mẹ́fà. Bákan náà. Ọjọ́ kẹta, aago mẹ́fà. Bákan náà."

"Dúró ná," ni Adépéjú wí. Ohùn nọ́ọ̀sì ló fi sọ ọ́. "Ṣé ó gé ahọ́n jẹ?"

"Wọn ò kọ ọ́."

"Ṣé ó tọ̀ sára? Ṣé oorun gbé e lọ lẹ́yìn rẹ̀?"

Emilia fi ìka tọ ìlà náà. "Rárá. Wọ́n ní ojú rẹ̀ dá, ó sì lọ jẹun àárọ̀ rẹ̀."

Adépéjú mi orí. Ó ti tọ́jú oníwárápá fún ọdún mẹ́tàlá, kò tíì rí wárápá tó mọ aago, tó ń dúró de olùtọ́jú kan pàtó kó tó gbéni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. "Igbe wo ló ké?"

"Wọ́n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ." Emilia sún mọ́ ìwé náà. "E-ka-ro. Ekaro baba." Ó tún un kà, lọ́tẹ̀ yìí kò wo ìwé. "Mo mọ èyí. Bàbá mi máa ń sọ irú rẹ̀ fún ìyá wọn lórí fóònù."

Adépéjú dìde. Kò mọ ìgbà tó dìde. Ó ti àga sẹ́yìn, ó dúró níwájú Emilia, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì Archiv náà, òun tó jẹ́ obìnrin, tí ìkúnlẹ̀ ni tirẹ̀. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, bàbá," ló wí sínú kápẹ́ẹ̀tì.

Emilia fò sókè. "Frau Ogunbiyi! Kí ló ṣe yín? Ẹ má mira, mo ń pe dókítà!" Ó ti mú fóònù lọ́wọ́.

"Wò mí dáadáa," ni Adépéjú wí láti ilẹ̀ níbi tó wà. "Ohun tí àwọn náà rí nìyí. Bí a ṣe ń kí àgbà ni. Ó ń kí wọn ni."

Emilia gbé fóònù kalẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Wọ́n padà sídìí fáìlì náà, wọn kò jẹun títí ọ̀sán fi pọ́n. Bí Emilia ti ń kà, bẹ́ẹ̀ ni Adépéjú ń ya wárápá sọ́tọ̀ kúrò lára ìkíni. Èyí tó gé ahọ́n jẹ, tó tọ̀ sára, tó sùn bí òkú lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ni ó kọ sínú ìwé tirẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́rìndínlógún àti oṣù mẹ́sàn-án, ìlà tí wọ́n fà lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Wárápá tòótọ́ tó rí níbẹ̀ jẹ́ mọ́kànlélógójì péré. Ọdún 1916 ni èyí tó kẹ́yìn.

Òfin ilé náà wà lójú ìwé kejì: ẹni tí wárápá kò bá gbé fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè dá a padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀.

Ìgbà kan wà tí ọ̀nà fẹ́rẹ̀ẹ́ là. Nínú oṣù kejì ọdún 1914, Hübner, olùtọ́jú arúgbó náà, kú. Fún ọjọ́ mẹ́tàlélógún, kò sí ìlà kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Dókítà yọ̀, ó kọ ọ́ pé oògùn tuntun tí òun ń fún un ti ń ṣiṣẹ́, pé tó bá ń bá a lọ báyìí, ọkọ̀ Èkó yóò gbé e nígbà ẹ̀rùn òyìnbó. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, wọ́n gbé olùtọ́jú mìíràn wá, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun. Àlàní rí àgbà, ó dọ̀bálẹ̀. Dókítà kọ ọ́ pé wárápá náà ti tún dé. Kí ọdún náà tó parí, ogun ti bẹ́, kò tún sí ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkó.

"Kí ló dé tí kò ṣàlàyé fún wọn?" ni Emilia bi í. "Ọdún márùn-ún ló ti lò. Ó ti gbọ́ èdè Jámánì nígbà yẹn."

"Ṣí i padà sẹ́yìn ná."

Ó sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n bi í léèrè lọ́dún 1911 pé kí ló dé tó fi ń ṣubú láràárọ̀. Dókítà kọ èsì rẹ̀: "Ó ní nítorí pé ọkùnrin náà ju òun lọ. Èsì aláìsàn kò nítumọ̀."

Ojú ìwé mìíràn wà, ọdún 1919. Àlàní bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ wo ọmọ òun. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, nítorí inú ìyá rẹ̀ ni òun fi í sílẹ̀ sí. Ó ní òun ti ka ọdún rẹ̀, pé ó ti tó ọmọ tí wọ́n ń rán ní ọjà báyìí. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kò sí ẹ̀rí pé ó bímọ rárá. Nígbà tí Emilia ka ibẹ̀ tán, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún fún ìgbà pípẹ́.

Oṣù kejì ọdún 1926 ni fáìlì náà parí. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ni, nígbà òtútù. Wọ́n kọ nọ́ńbà sàréè rẹ̀: 618.

Emilia ní bàbá òun ń gbé nítòsí, pé kó jẹ́ kí àwọn lọ jẹun níbẹ̀. Adépéjú dúpẹ́, ó ní ọkọ̀ òun kò ní dúró. Irọ́ ni. Ó fẹ́ lọ wo sàréè náà kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ojú òun níbẹ̀.

Ó wọ S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó fẹsẹ̀ rìn. Àwọn ilé bíríkì pupa náà ṣì dúró. Àwọn kan ti di ilé gbígbé, kẹ̀kẹ́ ọmọdé wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ibi ìsìnkú ti di pápá oníkoríko. Wọ́n ti tẹ́ gbogbo sàréè pẹrẹsẹ, òkúta kan ṣoṣo ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún gbogbo wọn, kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀. Obìnrin kan ń sáré kọjá pẹ̀lú ajá. Adépéjú rìn láti igun kan dé èkejì, kò mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Níkẹyìn ó dúró lábẹ́ igi kan, ó kúnlẹ̀ nínú ewé tútù, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá. Àwọn ọmọ yín ló ní kí n wá." Ó wò yíká bóyá ẹnì kan ń wo òun. Kò sí ẹnì kankan.

Ibẹ̀ ló ti pe Ṣómólú.

"Mo rí wọn, mà."

Ìyá àgbà kò kí i, kò bèèrè àlàáfíà. "Ṣé ó fẹ́ òyìnbó?"

"Rárá, mà. Wọn ò fẹ́ ẹnì kankan."

Ó rò ó fún un látòkè délẹ̀. Nígbà tó dé orí wárápá, ó dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ó pè é ní orúkọ rẹ̀, nítorí irọ́ ti pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó sọ nípa ìdọ̀bálẹ̀ àti aago mẹ́fà àárọ̀, ó sì sọ pé Àlàní bẹ̀bẹ̀ láti rí ọmọ rẹ̀. 

"Péjú."

"Mà."

"Tó bá dọ̀bálẹ̀ báyẹn, tó ní ẹ káàárọ̀ bàbá, ta ló ń dá a lóhùn?"

"Kò sí, mà. Wọ́n á kàn fa ìlà kan sínú ìwé."

Ìyá àgbà mí kanlẹ̀. "Ìyá mi bú u títí ó fi kú," ló wí. "Èmi náà bú u." Adépéjú gbọ́ bó ṣe ń fi aṣọ nu ojú. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ìwọ ńkọ́? Ta ló ń kí ìwọ níbẹ̀?"

"Wọ́n ń kí mi, mà."

"Mo ní ta ni."

Adépéjú la ẹnu. Ó wá orúkọ kan tí yóò dá, ó wá a títí, kò rí. Ìyá àgbà kò tún un bi. Ó gbàdúrà fún un, ó ní kó kúrò nínú òtútù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn iṣẹ́, Adépéjú kọ lẹ́tà kan sí Archiv náà. Emilia ti sọ fún un pé kò sẹ́ni tó lè yí ìwé àtijọ́ padà, àmọ́ wọ́n lè fi ìwé mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń kọ ìròyìn aláìsàn ló ṣe kọ ọ́, láìsí omijé níbẹ̀: iye wárápá tòótọ́, ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀, àti pé ìyókù jẹ́ ìkíni tí ọmọ Yorùbá ń kí àgbà. Ó fi kún un pé ọmọbìnrin ni aláìsàn náà bí, Làtífátù lorúkọ rẹ̀, ó sì fi ọmọ sáyé lọ. Ó fọwọ́ sí i, ó lọ jù ú sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ nínú òjò. Oṣù kan lẹ́yìn náà, Emilia fèsì pé wọ́n ti fi sí i. Òun ló di ojú ìwé igba ó lé mẹ́tàlá.

Ìyá àgbà ní tirẹ̀ kò sọ ohun tóun ń gbèrò fún ẹnikẹ́ni. Tó bá ti kírun àsùbáà tán, á ní kí wọ́n bá òun tẹ nọ́ńbà Péjú. Lákòókò yẹn, Adépéjú á ti wà nínú S-Bahn tó ń kọjá lórí odò Elbe, láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tòògbé, fèrèsé á ṣókùnkùn.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni yóò wí sókè, àwọn tó wà nítòsí á sì yíjú wò ó.

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?"

Wọn kì í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dára lórí afárá, ohùn ara rẹ̀ nìkan ló máa ń padà gbọ́ nínú fóònù. Síbẹ̀, á kí i tán kó tó pa á.